Ẹ Sọ Ọmọ Kalẹ̀ Kó Fi Ara Ṣeré

Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọmọ tí kò mọ iyì làálàá òbí ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bí òbí tuntun bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, yóò rí i pé ìkìlọ̀ kan wà nínú rẹ̀ fún òun náà. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn lóòótọ́. Ọrùn rẹ̀ kò mọ̀, apá rẹ̀ kò mọ̀, ìbàdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn gan-an ni yóò fi rin ọ̀nà náà lọ́la.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí eré, ìjókòó àti oorun àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ohun tí wọ́n ní kí á ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò náni lówó rárá. Kí ọmọ máa fi ara ṣeré lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, pàápàá jù lọ lórí ilẹ̀. Kí èyí tí kò tíì lè rá máa dojúdélẹ̀ nígbà tó bá lajú sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán láàárín ọjọ́ kan. Kí a má sì so ó mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dárúkọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri, wọ́n dárúkọ àga ọmọ, wọ́n sì dárúkọ ẹ̀yìn ìyá.

Ti ẹ̀yìn ìyá yìí ni yóò ká àbíyamọ ilẹ̀ wa lára. Ta ni yóò sọ fún obìnrin tó ń ta tòmátì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, pé kó máa tú ọ̀já ní wákàtí wákàtí? Pípọ̀n kò sì burú. Bí ọmọ ṣe ya itan méjèèjì mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí, orí egungun itan rẹ̀ ń jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í sábà rí ọmọ tí egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọn ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọmọ ní gbọọrọ. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀, tó yí sọ́tùn-ún yí sósì, ọrùn ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí á ju ọ̀já nù. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ̀yìn má di ilé tí ọmọ kò ní jáde nínú rẹ̀. Bí ọjà bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹní kékeré kan àti ìró mímọ́ kan lábẹ́ ìsọ̀ ti tó.

Kí á tó dojú ọmọ délẹ̀, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sí. Ẹ̀yìn ni ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ sùn, lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló gbà pé ọmọ tó dojúdélẹ̀ sùn ni inú kì í run, ṣùgbọ́n irú oorun bẹ́ẹ̀ léwu. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní ọdún 1994 pé kí àwọn òbí máa fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ sùn, ikú òjijì tó ń pa àwọn ọmọ lójú oorun fi nǹkan bí ìdajì dínkù láàárín ọdún díẹ̀. Àṣeyọrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan wá ń fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ tọ̀sán tòru, ìpàkọ́ ọmọ ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ọrùn rẹ̀ kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sùn, kó fẹ̀yìn lélẹ̀; bó bá jí, tí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó, kó dojúdélẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí ti lè bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá tàbí bàbá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kó sì dojú ọmọ dé àyà ara rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó má jẹ́ pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán ni o, nítorí èébì. Ọmọ yóò sunkún. Orí ọmọ tuntun wúwo ju agbára ọrùn rẹ̀ lọ. Kí òbí má torí ẹkún yẹn pa á tì. Kó ká aṣọ, kó fi sábẹ́ àyà ọmọ, kí òun náà dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ojú lè ko ojú, kó wá máa kì í. Àjọkẹ́ tó gbọ́ oríkì rẹ̀ yóò gbé orí sókè wá ẹni tó ń pè é, gbígbé orí yẹn gan-an sì ni a ń wá. Àwọn bàbá tó ń wí pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn lè ṣe fún ọmọ tí kò tíì ju ọmú lọ, iṣẹ́ yín rèé.

Ohun tí a bá fi ọmọ dánra wò ni ara rẹ̀ ń mọ̀. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Charles Super, lọ gbé láàárín àwọn Kipsigis ní abúlé Kokwet ní Kẹ́ńyà, ó sì tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ó rí i pé àwọn ìyá ibẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní ìjókòó àti ìrìn ní tààrà: wọ́n ń gbẹ́ kòtò kékeré, wọ́n ń fi aṣọ ká ọmọ nínú rẹ̀ kó lè jókòó láìṣubú. Àwọn ọmọ wọn jókòó, wọ́n sì rìn ṣáájú àwọn ọmọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n wọn kò tètè rá, nítorí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní rírá. Ìyá Yorùbá tó ń fi ìrọ̀rí ká ọmọ oṣù márùn-ún lórí ẹní kò mọ Kokwet rí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ọmọ gba sùúrù. Kí ìyá àgbà fi òrí tàbí àdín pa ọmọ lára, kó rọra na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun rere ni, ara ọmọ a máa yá gágá. Èyí tí kò dára ni fífi apá kan ṣoṣo gbé ọmọ sókè, dídi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti da orí rẹ̀ kodò, àti jíjù ú sókè kí ó má baà jẹ́ ojo. Ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Ọpọlọ tó bá mì jìgìjìgì nínú agbárí lè ṣẹ̀jẹ̀, apá sì lè yẹ̀. Kí ìyàwó má fi ìjà sọ ọ́. "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ bá mi fi òrí pa á, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí a má jù ú sókè mọ́" ti tó. Bí ọkọ bá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tún dára jù.

Walker tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà ńkọ́, èyí tó ní táyà kéékèèké lábẹ́? Kí òbí fi owó rẹ̀ ra oúnjẹ. Kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ọmọ tí kò gbọ́n sáré dé ibi sítóòfù àti àtẹ̀gùn. Kánádà fòfin de títà rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ti fóònù, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i rárá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ì báà ṣe láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Karen Adolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì New York ka ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 12 sí 19, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2012. Láàárín wákàtí kan, ọmọ kan ń gbé ẹsẹ̀ tó 2,368, ó sì ń ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Òbí tó ń sáré gbé ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kó sọ ilẹ̀ di mímọ́ dípò bẹ́ẹ̀: kó da omi inú bákẹ́ẹ̀tì nù, kó ṣa ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀pà àti bátìrì róbótó kúrò nílẹ̀, kó sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ nínú ilé. Bí ọyẹ́ bá mú kí sìmẹ́ǹtì tutù, kó tẹ́ ẹní.

Ìka kò dọ́gba. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè dá rìn láti nǹkan bí oṣù 8 títí dé oṣù 17 ó lé díẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rákòrò rárá kí wọ́n tó dìde. Ọmọ aládùúgbò tó rìn ní oṣù mẹ́sàn-án kò sọ ọmọ ẹni di ọ̀lẹ.

Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ìka kò dọ́gba bò mọ́lẹ̀. Ọmọ tí kò lè gbé orí rẹ̀ dúró ní oṣù mẹ́rin, èyí tí kò lè dá jókòó ní oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí kò rìn ní oṣù 18, èyí tí ara rẹ̀ le gan-an tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, ì báà jẹ́ ọ̀tún tí àwọn àgbà fẹ́ràn, wà lára wọn. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ní oṣù mẹ́sàn-án, dára láti bi nọ́ọ̀sì léèrè. Bí àmì wọ̀nyí bá sì hàn láàárín, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn onífisiotẹ́rápì wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ, nítorí ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì rọ̀ láti kọ́ ohun tó ṣòro fún un.