Èébì àti Àpọ̀jáde: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àìsàn Ajá

Orúkọ Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ṣe àjèjì nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí ìwádìí tí a ṣe níbẹ̀ lórí sòbìà, àrùn tí ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà kí ọdún 2013 tó parí. Àwọn olùwádìí kò ní láti ṣẹ̀dá orúkọ fún aràn náà. Ó ti wà lẹ́nu ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ajá kan ní Ìdèrè bá ń dá oúnjẹ padà lójoojúmọ́, kí ni olówó rẹ̀ yóò wí fún dókítà ẹran? “Ajá mi ń bì” ni. Gbólóhùn yìí da ohun méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èkínní wá láti inú àpòlúkù. Ìrìndọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú ajá: itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, yóò máa lá ètè, iṣan ikùn rẹ̀ yóò sì sún kì léraléra kí ó tó bì. Oúnjẹ náà lè ti dà díẹ̀, òróòro sì lè wà nínú rẹ̀. Èkejì kò ní làálàá: ajá yóò kàn rẹ orí sílẹ̀, oúnjẹ tí kò tí ì dà yóò sì jáde, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ó ti padà.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe “pọ̀”. Màlúù tí ń jẹ àpọ̀jẹ ń pọ oúnjẹ padà sí ẹnu láìsí ìrìndọ̀. Nítorí náà, a dábàá “àpọ̀jáde” fún èkejì yìí, kí “èébì” dúró fún èkínní. Lóòótọ́, àwọn kan ń lo “bì” àti “pọ̀” láìṣe ìyàtọ̀. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ni láti pààlà sí irú wọn. Èébì tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ni “èébì àbìtúnbì”, ní ìlànà “àsọtúnsọ” àti “àwítúnwí”.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Aràn Spirocerca lupi, tí a ti rí lára ajá ní Nàìjíríà, ń gbé inú kókó lára ọ̀nà ọ̀fun. Ajá ń kó o nípa jíjẹ yímíyímí, tàbí adìyẹ àti alángbá tí ó ti jẹ yímíyímí. Kókó náà lè dí ọ̀nà oúnjẹ, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Àpọ̀jáde ni ó sábà ń fà. Oògùn tí ń dá èébì dúró kò lè wò ó. Ní ìdàkejì, àrùn parvovirus, tí a dá mọ̀ ní 1978, ń fa èébì gan-an pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀. Ó lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un.

Nítorí náà, kí atúmọ̀ tí ń kọ ìwé ìtọ́ni fi ìbéèrè mẹ́ta síwájú olówó ajá: Ǹjẹ́ ikùn ajá ń sún kì? Báwo ni ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn oúnjẹ? Ǹjẹ́ oúnjẹ náà ti dà? Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí ikùn bá wú, tàbí bí omi pàápàá kò bá dúró nínú ajá, kí ó má ṣe fi ọ̀la dọ́la. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ó gbé e lọ.