Ṣọ́ Mi, Má Ṣọ́ Mi: Ohun tí Ìtàn Avast Kọ́ Wa

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan yẹ̀ wò: ṣọ́. Bí mo bá sọ pé "Ọdẹ ń ṣọ́ ilé wa lóru," ọkàn gbogbo wa yóò balẹ̀. Bí mo bá sọ pé "Ọkùnrin kan ń ṣọ́ mi láti àná," ẹ óò ní kí n má dá rìn mọ́. Sílébù kan náà ni, ohùn òkè kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí ìṣọ́ náà ṣe láǹfààní. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ìtàn Avast, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Àfòmọ́ kan ní Prague

Ní 1988, nígbà tí Czechoslovakia ṣì wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, Pavel Baudiš ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan lórí ẹ̀rọ ìṣirò ní Prague. Níbẹ̀ ló ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Vienna lórí díìsìkì. Ó jókòó tì í, ó tú u palẹ̀, ó sì kọ ètò tí yóò máa yọ ọ́ kúrò. Ó fi han Eduard Kučera, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì dá Alwil sílẹ̀. Òfin ìgbà náà kò fàyè gba kí ènìyàn dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba yí padà tán ni wọ́n tó sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tiwọn ní 1991. Orúkọ ètò wọn, Avast, wá láti inú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì "anti-virus advanced set", ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo avast tipẹ́ láti sọ pé "Ẹ dúró!" Ní 2010, orúkọ ètò yìí di orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pátápátá.

Kí ni Vienna ń ṣe gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì mofọ́lọ́jì kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí àfòmọ́ tó di ọ̀rọ̀ inú gírámà, orúkọ ewéko tí ń hù lórí igi mìíràn ni. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣọ́, a ó rí ìṣọ́, a ó rí olùṣọ́. Vienna náà kò lè dá dúró. Ìparí fáìlì ló ń lẹ̀ mọ́, á sì yí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà padà kí kọ̀ǹpútà lè kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí, ṣùgbọ́n Vienna ní in. Fáìlì tó bá lẹ̀ mọ́ yóò fi báìtì 648 gùn sí i. Ó sì máa ń ba àwọn fáìlì mìíràn jẹ́ pátápátá, tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí wọn, ńṣe ni kọ̀ǹpútà yóò kú tí yóò sì tún ara rẹ̀ tàn.

Bí olùṣọ́ ṣe ń dá olè mọ̀

Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn. Ẹni tó kọ ètò ààbò yóò mú ìlà àṣẹ kan tí kò sí níbòmíràn àyàfi nínú fáírọ́ọ̀sì náà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ètò rẹ̀ yóò sì máa wá a nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ìgbà tí a dá ará ìlú kan mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀ka-èdè mìíràn kò ní.

Àmọ́ olè náà ń kọ́gbọ́n. Ní 1990, Mark Washburn mú Vienna yìí kan náà, ó sì ṣe fáírọ́ọ̀sì 1260 láti inú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí 1260 bá lẹ̀ mọ́ fáìlì tuntun ló ń pa ojú rẹ̀ dà. Ẹ wo àfòmọ́ oní-: oníbàtà, aláṣọ, elépo, ọlọ́kọ̀. Ẹni tó kọ́ "oní" sórí nìkan yóò rí oníbàtà, ṣùgbọ́n elépo yóò kọjá lójú rẹ̀. Àfi kí ó mọ òfin tó bí gbogbo ẹ̀dà náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ètò ààbò ṣe kọ́ láti má wo ojú fáírọ́ọ̀sì nìkan mọ́, kí wọ́n máa wo ìṣe rẹ̀: ta ló ń yí fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ padà? Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tó rán an?

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí iṣẹ́ olùṣọ́ ṣe ń dára sí i ni ohun tó gbọ́dọ̀ rí ń pọ̀ sí i. Lónìí, Avast ń yẹ fáìlì wò, ó ń yẹ ìkànnì tí a fẹ́ ṣí wò, ó ń yẹ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì wò, ó sì ń wo ìṣe àwọn ètò mìíràn. Ó tún ń ta VPN àti ètò tí ń gbálẹ̀ kọ̀ǹpútà. Láti 2001 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ń lò ó nílé ní ètò ààbò náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sanwó. Ọ̀fẹ́ yìí ló sọ wọ́n di ńlá. Ní 2016, wọ́n fi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là ra AVG, orogún wọn láti orílẹ̀-èdè kan náà.

Ìtumọ̀ kejì

Avast ní ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Jumpshot. Láti 2014 sí 2020, Jumpshot ń ta àkọsílẹ̀ àwọn ìkànnì tí àwọn oníbàárà Avast ń ṣí. Àjọ FTC ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn tó rà á lé ní 100. Ní àsìkò kan náà, Avast ń sọ fún ènìyàn pé ètò òun ń dènà àwọn tí ń tọpasẹ̀ wọn. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn oníròyìn Motherboard àti PCMag tú àṣírí náà. Láìpẹ́, Ondřej Vlček tó jẹ́ ọ̀gá àgbà kéde pé àwọn yóò ti Jumpshot pa. Ní 2024, FTC ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, ó sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó ọjà. Nígbà náà, Avast ti di ara NortonLifeLock láti 2022, Gen Digital sì ni àpapọ̀ wọn ń jẹ́.

Avast ti sọ pé àwọn yọ orúkọ ènìyàn kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti wúlò. Bí a bá lọ gba èdè sílẹ̀ lẹ́nu àwọn abẹ́nà-ìmọ̀, a kì í kọ orúkọ wọn síta. Síbẹ̀, bí mo bá kọ ọ́ pé "ìyá àgbà aláró, ẹni 80 ọdún, ìdílé onílù, ní abúlé báyìí," ta ni ará abúlé náà tí kò ní mọ̀ ọ́n? Oríkì ń júwe ẹni láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn ìkànnì tí ẹnìkan ń ṣí láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú wákàtí tó ṣí wọn àti nọ́ńbà kan tí kò yí padà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, oríkì ni. Àìsàn tó ń wádìí wà níbẹ̀, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà níbẹ̀, gbèsè ọrùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe?

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ ètò ààbò kúrò. Flash wa ń ti business centre kan bọ́ sí òmíràn lásìkò project, bí ògiri bá sì lanu, aláǹgbá yóò wọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ìtumọ̀ ṣọ́ tí a ń fọwọ́ sí.

Bí ètò kan bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ béèrè ibi tí owó ti ń wọlé fún ẹni tó ṣe é. Kí ẹ tó tẹ "gbà," ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n ń kó àti ẹni tí wọ́n ń fún. Ẹ wọ inú ètò náà lọ, kí ẹ pa ìfọwọ́sí pínpín àkọsílẹ̀ tí ẹ kò nílò. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, ẹni tó sì ti gbà lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ìjíròrò: nínú ẹ̀ka-èdè tìrẹ, ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ẹ ń lò fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé àti fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ kiri? Bí méjì ni wọ́n, èwo nínú wọn ni wàá fi pe ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ?