Ipò Gómìnà Kọ́ Lò Ń Dù

Ọmọ mi, mo ka ìwé ìpolongo rẹ láti òkè délẹ̀. Títì ọlọ́dà, ilé ẹ̀kọ́ tuntun, tiransifọ́mà, omi ẹ̀rọ, kò sí ohun tí kò sí ńbẹ̀. Ó dùn ún kà. Àmọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lo fẹ́ lọ, níbi tí àwọn 32 ń jókòó sí ní Agodi. Aṣòfin kì í da ọ̀dà, kì í gbẹ́ gọ́tà. Bó bá ṣèlérí wọn, owó àpò ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi máa pa ará àdúgbò lẹ́nu mọ́. Bí ìyẹn bá tán, o mọ ibi tí yóò ti wá òmíràn.

Òfin ọdún 2018 tó mú ọjọ́ orí olùdíje wálẹ̀ láti 30 sí 25 ló ṣílẹ̀kùn fún ọ. Má fi àǹfààní náà pín ìrẹsì.

Iṣẹ́ tí òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé lé yín lọ́wọ́ kò kéré. Iwájú yín ni gómìnà ń gbé àbá ìsúná wá, ọ̀dọ̀ yín ni àbọ̀ àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ ń bọ̀, ẹ sì láṣẹ láti pe kọmíṣánnà kó wá dáhùn. Àwọn aṣòfin kan wà tó jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n wí. N ò ní dárúkọ, o mọ̀ wọ́n.

Bó bá jẹ́ èmi ni, omíyalé ni n ó fi ṣáájú. Wọn ò tíì bí ọ nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó kó èèyàn rẹpẹtẹ lọ. Ọmọdé ni ọ́ nígbà ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011: afárá wó, èèyàn tó lé ní 100 ṣòfò. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là nítorí àgbàrá Ìbàdàn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni afárá tuntun fẹ́ ṣe bí èèyàn bá ń kọ́lé sójú ọ̀nà omi, tí pàǹtírí sì ń dí i? Ìbéèrè aṣòfin nìyí: ta ló buwọ́ lu pílánù àwọn ilé tó ń hù létí odò? Èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ìsúná láti kó ìdọ̀tí odò kí òjò tó dé, ṣé wọ́n sì ná an síbẹ̀?

Ibi tó le nìyí. Àwọn onílé etí odò, olùdìbò rẹ ni wọ́n. Ẹni tó ń wá ìbò kì í fẹ́ sọ fún wọn pé ilé wọn kò yẹ níbẹ̀. Sọ ọ́ fún wọn báyìí, kí o sì sọ ohun tí o máa bá wọn jà fún: owó gbà-máà-bínú tí wọ́n kọ sínú ìsúná, tí yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí katakata tó dé. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ti ilé ẹ̀kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lábẹ́ òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004, ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀ kò ní fojú kan owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń pín. Rí i pé ìdajì yẹn wà nínú ìsúná lọ́dọọdún. Ní ti gọ́tà àdúgbò, iṣẹ́ káńsù ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní oṣù keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Má bá wọn du iṣẹ́, ìbéèrè ni kí o máa bi wọ́n.

Wá ìwé ìsúná ọdún yìí, mú bírò dání, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó kan àgbègbè wa. Ọjọ́ tí o bá sì fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ láńdílọ́ọ̀dù etí odò, ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ alága wọn, ó máa ń bínú. N ó bá ọ lọ.