Eré Wo Ni Kò Lórin?

Bí ọdún Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bàbá, ìyá àtọmọ pé kí wọ́n jọ jókòó wo “eré olórin”, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní musical, láti Amẹ́ríkà. “Eré olórin” gan-an ni òkúta inú ẹ̀wà. Èèyàn là ń pè ní olórin. Eré wo ló sì wá jẹ́ aláìlórin tí a fi ní láti ya èyí sọ́tọ̀?

Ẹ wo eégún aláré, tí ìtàn wọn so mọ́ ààfin Ọ̀yọ́. Aláré, ẹni tó ni eré: ìjúbà ni, ìlù ni, ijó ni, ẹ̀sà ni, idán ni, ẹ̀fẹ̀ ni, eré kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré dìde nínú ìjọ Aládùúrà ní 1944, orin ló fi gbé e. Ọba Kò So tí Dúró Ládipọ̀ gbé lọ sí Berlin ní 1964, bàtá àti orin ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun fi sinimá Yorùbá lélẹ̀ ní 1976 náà kò lọ láìkọrin. Kódà, láti Ìkòyí-Ilé dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ní eléré ti dé síbi ìnáwó, ta ní ń retí ẹni tí yóò wá sọ̀tàn? Onílù àtakọrin ni. Orin kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ eré débi tí a ó máa dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ jù: ẹlẹ́sẹ̀ ehoro ń sáré, ọmọdé ń ṣeré, aláwàdà ń fọ̀rọ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ eré àsápajúdé tó dúró de ègbè. Àtakò tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti fídíò tó gbòde láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: àwọn òṣèré wọ pálọ̀, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fọ̀rọ̀ gún ara wọn lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ tó bá fi èyí mọ eré, ọ̀rọ̀ sísọ ni yóò máa retí. Bí Julie Andrews bá wá kó àwọn ọmọ méje Ọ̀gágun von Trapp sẹ́yìn nínú sinimá The Sound of Music ti 1965, tí gbogbo wọn bú sórin, olúwarẹ̀ nílò ìkìlọ̀ ṣáájú.

Nítorí náà, mo túúbá fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: bí eré bí eré, “eré olórin” ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Kí wọ́n fi pe ti Amẹ́ríkà, kí wọ́n fi ya fídíò inú pálọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi pe Ọba Kò So tàbí iṣẹ́ eégún aláré, ó jẹ̀bi. Eré lásán ti tó ìyẹn.