Àpótí Ìmọ̀: Àbàtà Àtọwọ́dá Tó Ń Fọ Omi Oko

Ní ìpínlẹ̀ Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oko ìrèké ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà ní gúúsù adágún Okeechobee. Omi tó ń ṣàn kúrò nínú àwọn oko yìí máa ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ lọ sí irà ńlá Everglades. Oúnjẹ díẹ̀ ló mọ́ ewéko irà náà lára. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ jù, koríko cattail á gbalẹ̀, á sì lé sawgrass tó jẹ́ onílé kúrò.

Òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1994 ló ní kí wọ́n ṣe àbàtà sáàárín oko àti irà. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lónìí ju 50,000 éékà lọ. Cattail tó ń ba irà jẹ́ yẹn gan-an wúlò níbí: omi á rọra gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ á sì rò sísàlẹ̀. Ewéko abẹ́ omi ló ń fa èyí tó bá ṣẹ́kù. Ohun tí wọ́n ń lépa nínú irà kò ju gíráàmù 1 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú 100,000 lítà omi!

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí ibí yìí dáadáa. Kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ lè sọ náítíréètì inú ajílẹ̀ di afẹ́fẹ́, kó sì bá atẹ́gùn lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí ewéko tó fà á mu bá kú, abẹ́ ẹrẹ̀ ló ń sin ín sí. Bí àbàtà bá wá gbẹ, ẹrẹ̀ náà á jẹrà, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á sì tú jáde nígbà tí omi bá padà dé. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú fi ń sapá kí omi má bàa tán níbẹ̀ lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀.