Kí Bàbá Náà Tẹ̀lé Ọmọ Dé Ilé Ìwòsàn

“Ẹni bíni là ń jọ,” làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ojú àti ìrìn nìkan la sábà máa ń fi òwe náà bá wí. Bí ọmọ bá gbé imú bàbá rẹ̀, ẹbí a máa yọ̀. Èyí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, tó ń gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an kó tó dé ẹnu ọ̀nà, tó ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà, a ó ní olórí kunkun ni, a ó sì fa pàṣán yọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá ló ní ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ADHD. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọmọ, ó yẹ kí a wo òbí náà, kì í ṣe láti dá a lẹ́bi, bí kò ṣe kí a lè tọ́jú òun pẹ̀lú.

Ara ìbejì ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé a ń jogún ADHD ti wá. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde ní jíìnì kan náà. Àwọn tó ti ẹyin méjì wá, bí púpọ̀ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí, kò jọra ju ọmọ ìyá yòókù lọ. Bó bá jẹ́ pé àìtọ́mọ dáadáa ló ń fa ADHD, oríṣi méjèèjì ìbá rí bákan náà, nítorí abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti ń tọ́ wọn. Wọn kò rí bákan náà rárá: àwọn ti ẹyin kan jọra lórí ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn ti ẹyin méjì lọ. Àwọn olùṣèwádìí Stephen Faraone àti Henrik Larsson kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí ìbejì jọ ní 2019, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 74 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló so mọ́ jíìnì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í kà: kò sọ pé bí òbí bá ní in, 74 nínú 100 ọmọ ni yóò ní in. Jíìnì náà pọ̀, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kéré. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Bíbí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé àti òjé tó ń wọ ara ọmọdé náà ń dá kún un.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ọmọ yìí kan náà ló ń wo bọ́ọ̀lù fún wákàtí méjì láìmira?” Ìbéèrè gidi ni, ọ̀rọ̀ dopamine ló sì fà yọ. Kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láàárín ara rẹ̀ ni, lára iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jẹ́ kí ọpọlọ mọ ohun tó tó í lépa. Bọ́ọ̀lù ń san ẹ̀san rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti ìṣirò di ìparí sáà, ìdúró yẹn gan-an ló sì nira fún ọmọ yìí. Oògùn methylphenidate ń dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa dopamine padà, kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn kò wí pé dopamine ọmọ náà ti gbẹ. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ADHD hàn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ sá fún un.

Ẹlòmíràn á ní àrùn òyìnbó ni. Àwọn olùṣèwádìí Adewuya àti Famuyiwa yẹ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní Nàìjíríà, àbájáde wọn ní 2007 sì ni pé ìdá 8.7 nínú 100 wọn ló ní in. Pé àyànmọ́ ni, níwọ̀n bó ti jẹ́ àjogúnbá? Àìríran jìnnà náà ń ti ìdílé wá, awò ojú sì ń ṣiṣẹ́.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Olùṣèwádìí Edmund Sonuga-Barke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ìyá ní ìlú Ọba bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ọmọ kékeré tó ní ADHD. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, ọmọ àwọn ìyá tí àmì ADHD kò pọ̀ lára wọn sàn dáadáa. Ti àwọn ìyá tí àmì náà pọ̀ lára wọn kò yí padà. Kò yà mí lẹ́nu. Dókítà ní kí oògùn má yẹ̀ lákòókò, kí òfin ilé má yí lójoojúmọ́, kí a má tètè bínú. Ta ni wọ́n ń gbé e lé lọ́wọ́? Ẹni tí òun náà ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri láràárọ̀! Ó sì ṣeé ṣe kí bàbá tó ń fi ẹgba wo ìwà yìí ti jẹ irú ẹgba bẹ́ẹ̀ lórí ìwà kan náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta tàbí ti UCH ní Ìbàdàn, ẹ bi ìyá àgbà léèrè bí bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ ṣe rí nígbà tí wọ́n ń lọ ilé ìwé. Ẹ mú ìwé èsì ìdánwò wọn àtijọ́ dání bó bá ṣì wà. Nínú ilé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù ni kó máa mójú tó oògùn. Iṣẹ́ kan ni kí ẹ rán ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣe é. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìrìn àjò yìí sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Ẹ tẹ̀lé wọn lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀yin náà wò.