Àlàyé Atọ́ka Nínú Fáìlì Ohùn: Ọ̀nà Láti Dáàbò Bo Lítíréṣọ̀ Alohùn Yorùbá

Ìfáárà
Ewì alohùn kì í dá dúró. Ó ní apohùn, ó ní ibi tí wọ́n ti pè é, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi pè é. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ara páálí rẹ̀ ni olùwádìí ń kọ nǹkan wọ̀nyí sí. Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ohùn sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà àti ọjọ́ nìkan ni ó máa ń wà lára fáìlì. Bí apohùn bá papò dà, tí ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ sì gbàgbé, ohùn tí kò ní olúwa ni ó kù. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ibi tí ó yẹ kí àlàyé atọ́ka, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí fáìlì jẹ́, wà.

Àlàyé inú fáìlì
Ní ọdún 1996, Eric Kemp gbé ìlànà ID3 kalẹ̀ fún fáìlì MP3. Báìtì 128 ni ó wà ní ìparí fáìlì. 30 péré ni ti àkọlé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ‘Ìrèmọ̀jé Ìsìnkú Olórí Ọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́’ láìlo àmì kankan, ‘Iremoje Isinku Olori Ode ni Og’ ni yóò kù. Orúkọ ìlú ti gé. ID3v2, tí ó jáde ní 1998, wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì. Àyè rẹ̀ gbòòrò, ó sì lè fi ‘yor’ tọ́ka sí èdè Yorùbá.

Ìṣòro àmì
Lẹ́tà tí wọ́n sábà ń lò fún ID3 àkọ́kọ́ gba à àti é, ṣùgbọ́n kò gba ẹ, ọ àti ṣ. ‘Orin Ọ̀wọ̀’ yóò wá di ‘Orin Owo’. Ṣé ìlú Ọ̀wọ̀ ni, àbí owó, ọwọ́ tàbí òwò? Unicode, tí ID3v2 gbà, ti yanjú èyí. Síbẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ̀ ju ẹyọ kan lọ: ó lè jẹ́ ọ tí wọ́n fi àmì ohùn lé lórí, tàbí ò tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú rí wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀kan wá fáìlì lè má rí èkejì. Ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ fẹnu kò sórí ìlànà kan. NFC ni ó wọ́pọ̀ jù.

Àlàyé ìta fáìlì
Àlàyé inú fáìlì ń bá a rìn, ṣùgbọ́n ó lè sọnù bí wọ́n bá yí fáìlì náà padà sí oríṣi mìíràn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú tábìlì lọ́tọ̀. Dublin Core, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Dublin, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1995, ní ẹ̀ka 15 tí ó tó fún èyí: àkọlé, ẹni tí ó ni iṣẹ́, ọjọ́, èdè, ẹ̀tọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni àṣẹ tí apohùn fúnni yóò wà.

Àgbálọgbábọ̀
Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ apohùn, ó yẹ kí ó ti kọ orúkọ rẹ̀, ìlú, ọjọ́, oríṣi ewì, ìdí ìpohùn àti àṣẹ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì tó péye. Olùkọ́ tí ó bá ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá ohùn láìbéèrè nǹkan wọ̀nyí ń kó ohùn jọ ni. Kò tíì tọ́jú lítíréṣọ̀.